Ìdíje jiu-jitsu l'Ábújá: kí ló máa ń lé èèyàn kúrò kó tó jà rárá?

Ọmọ_Gwarinpa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdíje jiu-jitsu kan ń bọ̀ níbí l'Ábújá, gi (ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó nípọn pẹ̀lú bẹ́líìtì) la máa wọ̀ jà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ pé òfin IBJJF, àjọ jiu-jitsu àgbáyé, làwọn máa lò. Bẹ́líìtì funfun, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́, ni mí, ọmọ ọdún 24. Ẹgbẹ́ kílò 70 ni mo fi orúkọ sí. Òṣùwọ̀n ilé sọ pé 69.4 ni mí, ṣòkòtò péńpé nìkan ló sì wà lára mi. Àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ jà. Ọmọ ọdún 15 ni, oṣù Kejìlá ọdún yìí ni yóò pé 16, kì í sì í ṣí orí sílẹ̀ níta.

Kí ni wọ́n máa ń tìtorí ẹ̀ dá èèyàn padà láì tíì fọwọ́ kan ẹnì kankan? Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn kan ní jímù wa ní bẹ́líìtì funfun ò gbọ́dọ̀ de ẹsẹ̀ èèyàn (kó fi ìrora mú un jọ̀wọ́) rárá, àwọn kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́? Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí iṣan bá sún kì lẹ́sẹ̀ mi láàárín ìjà, ṣé mo lè ké sí rẹfirí kó dá wa dúró díẹ̀, ká tún máa bá a lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé.

Bàbá_Combate

Àbúrò, kílò yẹn ni kó o kọ́kọ́ bá jà, torí bó ṣe wà yìí, o ò wọlé.

Iye tí IBJJF kọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje gi, èèyàn tòun ti aṣọ àti bẹ́líìtì rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Fún ọkùnrin tó ti di àgbà, 64, 70, 76 àti 82.3 ló tẹ̀ léra níbi tó kàn ọ́. Gi tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ A2, tó gbẹ dáadáa, pẹ̀lú bẹ́líìtì, sábà máa ń tó kílò kan àbọ̀ sí méjì. Gbé ìyẹn lé 69.4, o ti kọjá 70 nìyẹn, o sì lè bá a dé 71. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa wọ̀n ọ́, kété kí o tó bọ́ sórí máàtì fún ìjà rẹ àkọ́kọ́. Kò sí àyè pé kó o sáré yí pápá po, kó o padà wá gun òṣùwọ̀n. Bó bá fi gíráàmù 100 lé, ó ti lé náà nìyẹn, orúkọ ẹni kejì ni wọ́n á kọ sí ibi ẹni tó borí.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mi ò fi í gba àwọn tó ń gbẹ omi lára láti wọ ẹgbẹ́ kékeré níyànjú. Nínú júdò, ó kéré tán, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n, èèyàn ṣì lè mu omi, kó jẹun, kó sùn. Níbí, tó o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ètè gbígbẹ, ìjà ló kàn. Pure water kan ṣoṣo, ìdajì kílò ni. Rò ó wò, bó o bá fi méjì du ara rẹ nítorí òṣùwọ̀n, inú ìṣẹ́jú 5 tí bẹ́líìtì funfun fi ń jà lo ti máa mọ̀ ọ́n lára. Lọ bá àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀, ní kí wọ́n gbé ọ sí 76 kí wọ́n tó ti ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé àtẹ ìjà jáde, wọn kì í sábà yí i padà mọ́.

Òṣùwọ̀n ilé náà, má gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì. Orí táìsì tàbí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni. Irin kílò 20 kan ní jímù ni kó o gbé lé e, kó o wo ohun tó máa sọ. Tó bá sọ 19.3, o ti mọ iye tó fi ń tàn ọ́ jẹ.

Aṣọ ló tẹ̀ lé e. Funfun, búlúù tàbí dúdú nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á ní kó o na apá méjèèjì síwájú. Láti etí ọwọ́ aṣọ dé eegun ọrùn ọwọ́ rẹ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti etí ṣòkòtò dé eegun kókósẹ̀. Ọwọ́ aṣọ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 nígbà tí apá bá wà nínú rẹ̀, kí alátakò lè rí nǹkan dì mú. Òwú ni gi. Bí wọ́n bá ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á máa sún kì díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí rẹfirí á fi gbé irin ìwọ̀n lé e. Bẹ́líìtì á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Tó o bá so ó tán, kí etí rẹ̀ méjèèjì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ibi tó bá ya, kó o rán an kó tó di ọjọ́ náà.

Mú káàdì ìdánimọ̀ tí àwòrán rẹ wà lórí rẹ̀ dání, èyí tó jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù. Sílípáàsì náà ń kó? Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán rin ilé ìtura tàbí ọ̀nà ìta, kò gbọ́dọ̀ padà tẹ máàtì bẹ́ẹ̀. Gé èékánná ọwọ́ àti tẹsẹ̀. Yọ òrùka, ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí, gbogbo ohun líle. Ìdérí ìsàlẹ̀ onípíláásítíìkì tí àwọn ọkùnrin fi ń dáàbò bo ara, èèwọ̀ ni nínú IBJJF, bó ti wù kó rọ̀ tó.

Jagun_Kàdúná

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nítorí àwọn tó ti ìdí ìjàkadì àti júdò bọ̀ sí jiu-jitsu. Wọ́n pọ̀ lápá ibí, àwọn ni wọ́n sì máa ń lé jáde jù, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń gba pọ́íǹtì níbòmíràn ló ń kó bá wọn níbí.

Nípa kílò, kò sí ẹni tó tóbi ju òṣùwọ̀n lọ. Vinesh Phogat, oníjàkadì obìnrin ọmọ orílẹ̀-èdè Íńdíà, dé àṣekágbá kílò 50 ní Òlímpíìkì Paris 2024. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gíráàmù 100 ló fi lé. Wọn ò jẹ́ kó jà, wọn ò sì fún un ní fàdákà tó ti wà nílẹ̀ fún un. Ìdí ẹ̀kẹyìn pátápátá ni wọ́n to orúkọ rẹ̀ sí. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ eré ìdárayá, wọ́n dá a nù. Nínú ìjàkadì Òlímpíìkì, àárọ̀ ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n ń wọ̀n yín, ẹni tó bá sì yege lọ́jọ́ kìíní ṣì lè kùnà lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kan ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ní freestyle, irú ìjàkadì Òlímpíìkì kan, bó o bá gbé èèyàn sókè tó o jù ú lu máàtì lẹ́yìn, pọ́íǹtì 4 tàbí 5 ni. Ní IBJJF, bó o bá gbé ẹni tó fi ẹsẹ̀ há ọ mọ́ra sókè, tó o sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kó lè tú, wọ́n á lé ọ jáde lójú ẹsẹ̀. Àwọn alágbára ló máa ń kó sí i. Ẹni kílò 64 bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún wọn lọ́rùn (triangle), ara wọn á gbóná, wọ́n á dìde, wọ́n á sì fi í nalẹ̀. Ìjà ti parí, àwọn ló fìdí rẹmi. Bó o bá dìde tòun ti ẹni tó há mọ́ ọ lọ́rùn, tó o gbé e padà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.

Àwọn ará kokawa, ìjàkadì ìbílẹ̀ Hausa, náà ní tiwọn. Nínú kokawa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan yanrìn ti ṣubú, ìlù á yí padà, ó parí. Ìwà yẹn ń bá wọn dé orí máàtì: wọ́n á da èèyàn, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á máa wojú rẹfirí. Pọ́íǹtì kankan ò sí níbẹ̀. Kí dídà tó di pọ́íǹtì 2, o gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀, kó o dì í mú fún sẹ́kọ́ńdì 3. Ẹni tó wá láti freestyle tún ń bẹ̀rù kí ẹ̀yìn òun kanlẹ̀, nítorí náà á yí ikùn délẹ̀. Alátakò á gun ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ ọ níwájú itan, pọ́íǹtì 4 nìyẹn, ọ̀fun ló sì máa wá kàn.

Ti júdò yàtọ̀. Láti 2010 ni àjọ júdò àgbáyé ti ń dín dídi ẹsẹ̀ mú kù, nígbà tó sì fi máa di 2013, wọ́n ti fòfin dè é pátápátá nígbà ìdúró. Júdókà tó bá dé jiu-jitsu máa ń gbàgbé pé òun lè di ẹsẹ̀ méjèèjì mú níbí. Kò lè mú kí wọ́n lé e, àmọ́ á mú kó jẹ gbèsè pọ́íǹtì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ sí ìdíje kankan, láti Ìlọrin dé Kánò, kó béèrè orúkọ ìwé òfin tí wọ́n máa lò kó tó san owó. Bí wọ́n bá sọ pé "òfin gbogbo ayé ni," ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí òfin gbogbo ayé.

Kóòṣì_Lugbe

Bàbá, mo gba gbogbo rẹ̀ àyàfi 76. Ẹni tó bá wọ̀n 69 láìsí aṣọ á bá ẹni kílò 74 pàdé ní 76, kílò 5 sì pọ̀ fún bẹ́líìtì funfun tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ara ṣeré lábẹ́ èèyàn. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìdíje, kílò kan àbọ̀ kì í ṣe omi tí èèyàn ń gbẹ, oúnjẹ lásán ni. Kó dín àkàrà àti búrẹ́dì òru kù, kó yé jẹ súyà lálẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdíje torí iyọ̀ inú rẹ̀ ń di omi mọ́ ara, kó sì ra gi tó fúyẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, mo ti gbà, kó lọ sí 76.

Ó wá kan ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì tó ń jiyàn ní jímù yín ló gbọ́ òótọ́ ní ìdajì. Bẹ́líìtì funfun tó ti wọ ẹgbẹ́ ọdún 16 sókè lè fi ìdè kókósẹ̀ títọ́ gbani: ẹsẹ̀ alátakò wà lábẹ́ àbíyá rẹ, eegun apá rẹ wà lẹ́yìn kókósẹ̀ rẹ̀, o sì ń na ẹ̀yìn rẹ. Ìyẹn nìkan ni. Títẹ orúnkún kọjá ààlà rẹ̀, yíyí ìka ẹsẹ̀ wọnú, fífún iṣan ojúgun tàbí ti apá pọ̀ mọ́ eegun, gbogbo ìwọ̀nyí di ìgbà tó o bá dé bẹ́líìtì bíráùn. Títẹ ọrùn ọwọ́ di bẹ́líìtì búlúù. Yíyí gìgísẹ̀, ìyẹn heel hook, kò sí nínú gi rárá, fún ẹnikẹ́ni. Láti 2021 ni IBJJF ti gbà á láyè fún àgbà bẹ́líìtì bíráùn àti dúdú, nínú no-gi (ìjà láìwọ gi) nìkan.

Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rù gìgísẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìrora rẹ̀ kì í tètè dé. Bí wọ́n bá tẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ, á kọ́kọ́ ro ọ́, wàá fọwọ́ gbá a, kò tíì bàjẹ́. Bí wọ́n bá yí gìgísẹ̀, orúnkún ló ń lọ́, iṣan tó so eegun méjì pọ̀ nínú orúnkún sì lè já kó o tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́.

Kódà nínú ìdè kókósẹ̀ títọ́ tí òfin fún ọ, ọ̀fìn méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́: bó o bá ń ṣubú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìhà ẹsẹ̀ tó o dì mú ni kó o yí sí. Bó o bá yí sí ìhà ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní reaping, òun ló sì máa ń lé àwọn aṣẹ̀ṣẹ̀dé jáde jù. Ká ní ẹsẹ̀ ọ̀tún alátakò lo dì mú. Bí ẹsẹ̀ rẹ tó wà níta bá gba orí itan rẹ̀ kọjá, tó sọdá àárín ara rẹ̀ bọ́ sí ìhà kejì, tó sì ń ti orúnkún rẹ̀ wọnú nígbà tí ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ àbíyá rẹ, ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ ẹsẹ̀ ò lè yí, orúnkún nìkan ló kù tó máa yí, òun ló sì máa já. Ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀, torí ojú rẹ̀ wà lára kókósẹ̀. Nígbà ìdánrawò, ẹ ní kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó máa wo ẹsẹ̀ ìta yẹn nìkan. Ibi tó dára kó wà ni ìbàdí alátakò ní ìhà tí ẹ wà.

Fífò gun èèyàn láti pa ẹsẹ̀ mọ́ ọn níbàdí, bẹ́líìtì funfun ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Gbogbo ìwọ̀n rẹ ló máa wọlé sí orúnkún ẹni tó dúró, bí kò bá sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó lè kán. Bó o bá fẹ́ jókòó fa èèyàn wọlé, di aṣọ rẹ̀ mú ná. Jíjókòó sílẹ̀ láìdi nǹkan mú, pẹ́nátì ni. Fífi ẹsẹ̀ méjèèjì gé èèyàn lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bí àlùmọ́gàjí, kò sí bẹ́líìtì tí wọ́n gbà á fún. Fífa orí èèyàn wá síwájú láti ro ọrùn rẹ̀ láìfún un lọ́fun, bákan náà.

Ti iṣan tó sún kì: rárá. Bó o bá ké sí rẹfirí pé kó dá ìjà dúró nítorí iṣan, o ti jọ̀wọ́ nìyẹn. Kò sí ìsinmi. Ẹni tó bá sì wà nínú ìdè, tó pariwo "Yéè!" tàbí "Mo kú o!", rẹfirí á kà á sí pé ó fi ẹnu gbà. Kì í ṣe ìkà, ó ń gba apá èèyàn là ni. Àwọn ọmọ tiwa ló yẹ kó kíyè sí èyí jù, torí a máa ń pariwo láì dénú. Bó ò bá tíì fẹ́ gbà, di ẹnu rẹ. Bó o bá fẹ́ gbà, fọwọ́ gbá alátakò lára lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kó hàn, lórí ara rẹ̀ ju orí máàtì lọ, torí ó lè má gbọ́ ti máàtì nínú ariwo. Bí ọwọ́ méjèèjì bá há, fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, tàbí kó o sọ "tap" sókè. Ìwọ tó o dì í mú náà, má tú u sílẹ̀ nítorí pé o rò pé ó gbà. Dúró kí rẹfirí fọwọ́ kàn ọ́ tàbí kó sọ "Parou" (ìjà ti dúró). Ẹni tó bá tètè tú u lè rí i pé rẹfirí ò rí nǹkan kan, ìjà á sì máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyà awọ ara ni mo fẹ́ sọ, ẹ ò tíì mẹ́nu kàn án.

Bí ìdíje bá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, gbogbo èèyàn l'Ábújá ló ń fi òrí tàbí Vaseline pa ara láàárọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Ohunkóhun tó bá ń yọ̀ lára, epo, ìpara, jẹ́ẹ̀lì, òfin kò gbà á, wọ́n sì lè lé èèyàn nítorí ẹ̀. Rẹfirí tó bá fura á kàn fi àtẹ́lẹwọ́ fa apá yín láti ìgbọ̀nwọ́ wálẹ̀, á wo bóyá ó ń dán. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ pa òrí, kí ó wọ ara. Láàárọ̀, ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí ẹ má sì pa nǹkan kan mọ́. Báàmù tó ń ta ni tún burú ju ìyẹn lọ, torí á wọ ojú ẹni kejì. Ẹsẹ̀ tó ti là nítorí ọyẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti gìgísẹ̀ lásán lè dá ìjà dúró.

Nípa ẹ̀jẹ̀: dókítà á gbìyànjú láti dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá dúró lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló pàdánù. Ẹni tó mọ̀ pé imú òun máa ń tètè ṣẹ̀jẹ̀ nígbà ọyẹ́, kó máa mu omi dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, kó má sì máa tọ́ imú. Èébì náà wà lára ohun tó ń parí ìjà: ẹni tó bá bì lórí máàtì ti pàdánù. Ọ̀rọ̀ tó kan àmàlà àárọ̀ nìyẹn o.

Làpálàpá ni wàhálà tó tóbi jù. Ó ń ràn láti ara sí ara, láti ara máàtì sí ara. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn á lọ ra ìpara alápòpọ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́gbòogi, èyí tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú. Sítẹ́rọ́ìdì á pa yíyún àti pípọ́n rẹ̀ rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, òrùka rẹ̀ á parẹ́ lójú, àmọ́ olú (fungus) tó fà á ṣì ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ awọ, nígbà tó bá sì jáde padà, kò ní jọ làpálàpá mọ́. Ẹ lo oògùn tó ń pa olú nìkan, bíi clotrimazole tàbí terbinafine, kí ẹ sì máa bá a lọ lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ bá ti jọ pé ó san. Ti orí yàtọ̀. Ìpara ò lè dé gbòǹgbò irun, oògùn mímu láti ọwọ́ dókítà ló ń wò ó. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìdíje tí ẹ rí i lára, ẹ lọ bá dókítà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Fífi aṣọ tàbí pílásítà bò ó kò mú kó tó láti jà, àwọn oníṣègùn ìdíje sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá yín padà.

Fún àbúrò rẹ obìnrin. Ó lè bo orí. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni fìlà aláṣọ tó le mọ́ orí fúnra rẹ̀, tó ń fà, tó dúdú láìsí àkọlé kankan, tí kò ní okùn tí wọ́n ń so, tí kò sì ní ike tàbí irin kankan. Hijab tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dè kò lè wọlé, abẹ́rẹ́ yẹn léwu fún òun àti ẹni kejì. Kó fi fìlà náà dánrawò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè mọ̀ bóyá ó ń yọ̀ kúrò nígbà tí wọ́n bá fa orí rẹ̀. Lábẹ́ gi, obìnrin gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó le mọ́ ara. Ọlọ́wọ́ gígùn tó dé ọrùn ọwọ́ dára. Irun dídì: ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lásán. Làálì tuntun àti àwọ̀ irun tó ń ràn mọ́ aṣọ ẹlòmíràn lè dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà bí ìgbéyàwó kan bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, kó lé làálì náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Èékánná àlẹ̀mọ́, kó yọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Gwarinpa

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, Jagun, Kóòṣì, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ìbéèrè mẹ́ta ló ṣẹ́ kù lẹ́nu mi. Bí mo bá ti ní pọ́íǹtì ju ẹni kejì lọ, ṣé mo lè dì í mú títí àkókò á fi tán? Kóòṣì mi máa ń pariwo gan-an, ṣé wọ́n lè fi ìyẹn fìyà jẹ mí? Gi mi kejì, búlúù ni, kọ́là rẹ̀ sì funfun, ṣé mo lè gbé e wá bí àkọ́kọ́ bá lọ́rìn?

Bàbá_Combate

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Èmi àti Kóòṣì á pàdé láàárín: kílò kan lo lè fi oúnjẹ dín kù láìsí wàhálà, kò sì tó. Lọ sí 76.

Dídì mú lásán: rárá. Bí rẹfirí bá rí i pé o ò gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú, á ka sẹ́kọ́ńdì 20, á sọ "Lute" (ẹ jà), á sì fún ọ ní pẹ́nátì. Àkọ́kọ́, wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, wọ́n á fún alátakò rẹ ní advantage kan, àmì kékeré tí kò tó pọ́íǹtì. Ìkẹta, pọ́íǹtì 2 ló máa gbà. Ìkẹrin, o jáde. Gbogbo pẹ́nátì ló ń wọ inú kíkà kan náà yìí, nítorí náà fífi ìka bọ inú ọwọ́ aṣọ èèyàn, sísá kúrò lórí máàtì, àti fífi ju sẹ́kọ́ńdì 20 so bẹ́líìtì rẹ, gbogbo wọn ń pọ̀ sórí ara wọn. Ọgbọ́n kan tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn máa tú bẹ́líìtì rẹ̀ so láti sinmi. Àwa rẹfirí mọ̀ ọ́n. Sísá jáde kúrò lórí máàtì nígbà tí wọ́n ti dè ọ́ tán burú jù, torí ìyẹn kì í ṣe pẹ́nátì, lílé jáde ni.

Bí pọ́íǹtì bá dọ́gba, advantage ni wọ́n á wò. Bí ìyẹn náà bá dọ́gba, ẹni tí pẹ́nátì rẹ̀ kéré ló borí. Lẹ́yìn ìyẹn, rẹfirí á yan ẹnì kan. Mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fojú di advantage kan, ìyẹn ló ń pín ọ̀pọ̀ ìjà bẹ́líìtì funfun.

Kóòṣì lè sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wọ orí máàtì, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ tábìlì àwọn tó ń kọ pọ́íǹtì, kò gbọ́dọ̀ bú rẹfirí. Wọ́n lè lé kóòṣì kúrò nínú gbọ̀ngàn, ìwọ á sì wà níbẹ̀ láìlólùkọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ má rò pé nítorí pé Àríwá la wà, ẹ lè fi Yorùbá bú adájọ́ kó lọ láìgbọ́. L'Ábújá? Ìdajì gbọ̀ngàn gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, rẹfirí náà lè jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ fúnra rẹ, má bá rẹfirí jiyàn lórí máàtì. Bó o bá rí àṣìṣe nínú pọ́íǹtì, kóòṣì rẹ ló máa lọ bá àwọn tó ń ṣètò, pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀gàn àti fífi alátakò ṣẹ̀sín lẹ́yìn ìjà ń mú kí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ padà. Ìdọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ ò burú, ṣùgbọ́n kí rẹfirí gbé ọwọ́ ẹni tó borí sókè ná, kẹ́ ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, kó o wá kúrò lórí máàtì kó tó di pé ò ń dọ̀bálẹ̀.

Ti àbúrò rẹ, ẹ tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Ọdún tí wọ́n bí èèyàn ni wọ́n ń yọ kúrò nínú ọdún ìdíje, wọn kì í wo oṣù. Bí yóò bá pé 16 ní oṣù Kejìlá ọdún yìí, 16 ni wọ́n kà á sí láti oṣù Kìíní, ẹgbẹ́ juvenile (ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 17) ló wà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú 5 ló máa jà, àwọn tó máa bá pàdé sì lè de kókósẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdánrawò àwọn ọmọ kékeré ló ń bá lọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dè é lẹ́sẹ̀ rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Gi búlúù tí kọ́là rẹ̀ funfun kò wọlé. Àwọ̀ kan náà ni ẹ̀wù, kọ́là àti ṣòkòtò gbọ́dọ̀ jẹ́.